Inú Mọ́tò Ni Bàbá Mi Ti Ń Ṣe Àsíkìrì

Ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀. Mo mọ aago náà torí pé mo wo fóònù mi nígbà tí bàbá mi tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí kì í ṣe ní àárọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó jókòó síbi ìwakọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ìka òsì tọ́ka sí iná kékeré kan níwájú rẹ̀, tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí, tó pọ́n bí èèpo ọsàn.

Ó ní, "Wò ó, kí lèyí ń wí?"

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kékeré, Bàbá. Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ ohun kékeré."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni Ó-Ṣeé-Ṣe! Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ ní kẹ́mísìrì, 'ó ṣeé ṣe' nìkan lo mú bọ̀ wálé."

Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, a ti sin ín. N kò kọ èyí láti sọ pé mo mọ ohun tó pa á. Mo ń kọ ọ́ láti ya ohun tí mo mọ̀ kúrò lára ohun tí mo kàn rò, kí n sì sọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ọjọ́ yẹn ni n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Agboolé wa wà ní Bẹyẹrúnkà, ní Ìbàdàn, níbi tí òrùlé ilé kan ti ń ro omi sórí òrùlé ìkejì. Àyè tí mọ́tò ń gbé kò ju àlàfo tó wà láàárín ògiri ilé wa àti ògiri ilé aládùúgbò lọ. Bàbá mi fi páànù bo orí rẹ̀ nítorí òjò, ògiri kẹta sì dí òpin rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló ṣí. Tí mọ́tò bá wọlé, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri yẹn.

Òfì ni bàbá mi ń tà ní ọjà Òjé. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ awakọ̀ akẹ́rù kan ló ti kọ́ mọ́tò wíwà, ọkùnrin náà sì kọ́ ọ pé ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbóná dà bí ẹni tí a jí lójú oorun tí a sì gbé ẹrù lé lórí lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fi ìwé hàn án rí pé ẹ́ńjìnnì òde òní kò nílò rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé òun ló máa ra ẹ́ńjìnnì mìíràn fún mi?" Lójoojúmọ́, tó bá ti mọ́sáláásí dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, á wọ inú mọ́tò, á tan án, á sì jókòó sínú rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àsíkìrì ló fi ń lo àkókò náà, á máa fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run. Á yí gíláàsì fèrèsé sókè pátápátá, torí pé tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní agboolé wa, rédíò, ọmọdé, ewúrẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n jọ ń jí. Inú mọ́tò yẹn nìkan ló ti ń rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. A mọ̀ pé a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà yẹn.

Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju àpótí ìṣáná lọ, tí a máa ń kì bọ abẹ́ ibi ìtukọ̀ kó lè bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo fi yẹ mọ́tò náà wò lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ohun tó kọ ni pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń bá a wọlé, àti pé kọ̀ǹpútà mọ́tò ti fi ìdá márùndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún epo náà kó lè bá a dọ́gba. Ìyẹn pọ̀ jù. Ẹni tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé epo kéré ni ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, irin kékeré kan tí wọ́n de mọ́ ara páìpù èéfín lábẹ́ mọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ti ẹni tí wọ́n ní kó máa tọ́ ọbẹ̀ wò lọ. Ó ń tọ́ èéfín wò, ó ń wí pé, "Ẹ fi epo sí i," tàbí, "Ẹ dín in kù."

Mẹkáníìkì wa ní Bẹẹrẹ, ọkùnrin tó ti tó ọmọ àádọ́ta ọdún, kò bá mi jiyàn pẹ́. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ti kú.

Mo ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé irọ́ ló ń pa? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ."

"Alákọ̀wé, o dára. Sẹ́ńsọ̀ ò lè pa irọ́, èmi ni mo lè pa á, àbí?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mú mọ́tò wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá ti wá tòkunbọ̀ tó dáa."

Ohun kan wà tí mo mọ̀ nígbà yẹn tí n kò fi kún ìṣirò mi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mẹkáníìkì yìí kan náà ló sọ fún bàbá mi pé kátálísì mọ́tò ń dí èéfín lọ́wọ́, pé òun á gé e dànù kí mọ́tò lè máa mí dáadáa. Kátálísì ni àgò irin tó wà lójú ọ̀nà èéfín, tó ń pa oró inú rẹ̀ kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ní ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ti gé tiwọn, àwọn tó ń rà á sì ń kiri dé ẹnu ọ̀nà àwọn mẹkáníìkì. Bàbá mi ní kó gé e. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ jókòó sí bá a lọ. Wẹ́dà kan jó páìpù lásán dípò rẹ̀, ó lu ihò tuntun fún sẹ́ńsọ̀ nísàlẹ̀ ojú ibi tó jó náà. Mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tí iná náà kọ́kọ́ tàn ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀fọ́rí bàbá mi. Ìyá mi ní ó ti wà ṣáájú. N kò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Èyí tí mo rí ni pé tó bá jáde nínú mọ́tò, á di iwájú orí mú, á dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀fọ́rí náà á ti lọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà nílé ìwòsàn. Ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Jímọ̀, mọ́tò wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Orí kò fọ́ ọ ní ọjọ́ méjèèjì. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí oògùn tuntun. Mọ́tò dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ẹ̀fọ́rí sì dé ní àárọ̀ Àbámẹ́ta; ṣùgbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ ní òun gbàgbé láti lo oògùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù mi. Mo wò ó, mo sì rí i pé ohun méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ tí mẹkáníìkì fi rọ́pò kò pẹ́. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, iná náà tún tàn. Ìdá márùndínlọ́gbọ̀n náà ni ẹ̀rọ mi tún kọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé epo kéré, ó yẹ kí ẹnu wọn funfun. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Sẹ́ńsọ̀ ń wí pé epo kéré, púlọ́ọ̀gì ń wí pé ó pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè jọ pa irọ́ kan náà, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn, mo sì sùn lé e lórí.

Ọjọ́rú ni ó yé mi. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, mo wà ní ìsọ̀ ní Òjé, mò ń ká òfì tí oníbàárà kan tú sílẹ̀ tí kò rà. Ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò kò purọ́. Ẹnì kan ló ń bu omi sínú ṣíbí rẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Òun ń wí pé iyọ̀ kò sí, alásè sì ń da iyọ̀ sínú ìkòkò tí iyọ̀ ti tó. Tí páìpù bá sán lókè sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ òde á máa gba ibẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo ló kéré, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni èéfín ń gbà jáde, lábẹ́ mọ́tò, kó tó dé ìdí páìpù, ó sì lè rá wọ inú mọ́tò. Èéfín epo tó pọ̀ jù, tí kò sí kátálísì tó máa pa oró rẹ̀, ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Ẹ̀fọ́rí ni í kọ́kọ́ fà kó tó pani. Ìyẹn wà nínú ìwé tí mo fi ṣe ìdánwò.

Mo dìde dúró. Mo rántí pé mo tún jókòó.

Mo gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ sílé. Ó ní, "Páìpù ló sán? Lábẹ́ mọ́tò tí mo tún ṣe? Alákọ̀wé, ogún ọdún ni etí mi fi ń gbọ́ mọ́tò. Tí páìpù bá sán, á máa ké bí ọ̀kadà tí wọ́n yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ṣé o gbọ́ kó ké?"

Mo ní n kò gbọ́.

"Ṣé o rí i?"

Mo ní n kò tíì rí i.

"Ó tán."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa Mápó kí ohun tó kù lè yéni. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún méjìlá, bàbá mi mú mi gun orí òkè náà lọ wo oṣù ààwẹ̀. Ọkùnrin kan nawọ́ sójú ọ̀run, ó ní òun rí i, àwọn èèyàn sì pariwo. Èmi náà pariwo pé mo rí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi. "Níbo?" N kò lè tọ́ka. Kò nà mí. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló sọ pé, "Ẹni tó bá jẹ́rìí ohun tí kò rí, gbogbo ẹni tó bá gbà á gbọ́ ló gbé sọ́rùn ara rẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé ó ṣeé ṣe. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi.

Ọ̀nà kan wà láti rí i. Fọkanáísà tó wà nítòsí Bẹẹrẹ ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Tí a bá ki okùn rọ́bà rẹ̀ bọ ìdí páìpù èéfín, tí a fi àkísà dí i, tí a wá da omi ọṣẹ sára páìpù náà lábẹ́, ibi tó bá sán á hó. Mo pè é ní Ọjọ́rú yẹn. Ó ní ẹ̀rọ òun wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, kí n wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn àsùbáà, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Bàbá mi wà nínú rẹ̀, gíláàsì wà lókè. N kò gbóòórùn ohunkóhun tó yàtọ̀. N kò gbọ́ ariwo kankan. Mo dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀.

"Kí ló dé, Ó-Ṣeé-Ṣe?"

Mo ní, "Kò sí, Bàbá. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún ni."

"Ṣé ó ń dún dáadáa?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ó ní, "Tóo bá mọ̀, wá sọ fún mi." Ó yí gíláàsì padà sókè.

Ohun tí ǹ bá ti sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: Bàbá, ẹ má jókòó síbẹ̀ títí di Sátidé. Kò ní béèrè pé kí n jẹ́rìí sí ohunkóhun. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà, n kò sì rí ìdí kan tí n kò fi sọ ọ́ ju pé mo fẹ́ kọ́kọ́ rí ibi tó sán ná.

Ọjọ́ Jímọ̀, ó tún jókòó síbẹ̀. N kò sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá mi ní kí n lọ wò ó, pé ẹ̀kọ ti ń tutù. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Orí rẹ̀ fi ara ti gíláàsì. Tẹ̀sùbáà ti bọ́ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pè é, mo sì fi ìka sí ọrùn rẹ̀. Mo rò pé nǹkan ń lù níbẹ̀, kò dá mi lójú. Èmi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Mọ́tò yẹn kan náà ni mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí pé òun ló wà nílẹ̀. Kí n tó gbéra, mo yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé.

Dókítà tó gbà wá wo ojú rẹ̀, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó ti lọ. Ó wo káàdì rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà.

Mo ní, "Dókítà, inú mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ la ti bá a. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èéfín."

"Ṣé èéfín kún inú mọ́tò náà?"

"Mi ò rí èéfín."

Àbúrò bàbá mi fà mí lápá. "Ìwọ náà! Ṣé àkókò ìmọ̀ ìwé nìyí? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣé kí wọ́n máa la Bàbá ẹ ni?" Dókítà wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ ohun mìíràn. Ohun tó wà nínú káàdì ni wọ́n kọ pé ó pa á.

A sin ín ṣáájú ìrun ọ̀sán, Àyìlá. Èmi ni mo ń bu omi nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà tó ti wẹ ọ̀pọ̀ òkú ní àdúgbò wa, yí ọwọ́ rẹ̀ ṣí, ó sì dúró. "Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ Àlájì. Ó pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi làálì sí i. Ìkẹyìn rere nìyí. Ẹni tó kú síbi àsíkìrì!" Gbogbo wọn ní àmín. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin kí a tó gbé e jáde, ó sì tu ìyá mi nínú. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó pọ́n. Ìwé tí mo kà sọ ìdí mìíràn tí ara òkú fi lè pọ́n bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ inú èéfín yẹn. Ṣùgbọ́n n kò dé ibi tí wọ́n ti ń wẹ òkú rí, nítorí náà n kò mọ bí ti àwọn yòókù ṣe ń rí. Mo bu omi tí wọ́n ní kí n bù.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlejò ti túká, ìyá mi pè mí wọ yàrá rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ, o yí gbogbo fèrèsé mọ́tò sílẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mọ́tò yẹn ló pa á?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Mi ò bi ọ́ ní ó ṣeé ṣe. Ìgbà wo lo ti ń rò ó?"

Mo ní, "Láti Ọjọ́rú."

Ó ka ọjọ́ náà lórí ìka rẹ̀: Àlàmísì, Jímọ̀, Sátidé. Ó wo ìka mẹ́ta náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì pa ọwọ́ rẹ̀ dé. Kò sunkún, kò sì bú mi. Ó ní, "Lọ wò ó. Ohun tóo bá rí, wá sọ fún mi bó ṣe rí. Má bù kún un, má dín in kù."

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rọ fọkanáísà ti dé. Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, ó sì wá. Ó kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn, ó ṣàdúrà gígùn fún bàbá mi. A ki okùn bọ ìdí páìpù, a fi àkísà dí i, mo da omi ọṣẹ. Ìró rẹ̀ kò ju kí ènìyàn mí lọ. Ní ojú ibi tí wẹ́dà jó, lókè sẹ́ńsọ̀, ọṣẹ hó, ó ń wú, ó ń bẹ́, ó tún ń wú. Mo fi ìka wọn ibi tó sán. Ó gùn tó oríkèé kan nínú ìka àárín mi, ó sì yí gba ẹ̀yìn páìpù, níbi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò kò lè rí i láìjẹ́ pé ó mọ ohun tó ń wá.

Mẹkáníìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ mọ́tò. Ó wo ọṣẹ náà títí.

Ó ní, "Wẹ́dà yẹn ò jó o dáadáa."

Ó jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó lọ láìdágbére.

Wẹ́dà mìíràn tún un jó. Mo lọ bá ìyá mi, mo sọ bí ó ṣe gùn tó, ibi tó wà, àti bí ọṣẹ ṣe hó. Ó bi mí bóyá ìyẹn ló pa á. Mo ní n kò rí ìyẹn. Ó ní ó dáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ki ẹ̀rọ kékeré mi bọ abẹ́ ibi ìtukọ̀, mo yí gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, mo wa mọ́tò gun Mápó, mo sọ̀ kalẹ̀ gba Ọjà'ba, mo sì padà sí Bẹyẹrúnkà. Epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un wá sílẹ̀ láti ìdá márùndínlọ́gbọ̀n sí ìdá mẹ́rin. Títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà wa, iná náà kò tàn.